Fèrèsé ni, àbí fóòmù? Ìfiwéra ohun tó ń mú oorun wọ yàrá

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá, bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ máa ń wá kiri. Bí èmi náà ti ṣe nìyẹn nígbà tí mo kó dé Bàsìrì, ní Adó-Èkìtì. Mo ra bẹ́ẹ̀dì onígi tó wúwo bí òkúta ọlọ, mo gbé fóòmù onínṣì mẹ́wàá lé e lórí, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ń dán. Oṣù mẹ́ta gbáko, aago méjì òru ni mo máa ń lajú sílẹ̀ tí mo ń wo àjà, tí òógùn á ti rin ìrọ̀rí gbingbin.

Ìgbà tí mo wá lọ kí màmá mi ní Ògòtún, orí ẹní ni mo sùn. Ẹní lásán, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, nínú ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́. Oòrùn ti ga kí n tó jí. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ṣé ẹ kì í sùn ní Adó ni?"

Mo ra ẹní kan níbẹ̀ (ta ni yóò dé Ògòtún tí kò ní ra ẹní?), mo gbé e padà sí Bàsìrì, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì olówó gọbọi. Mi ò sùn. Ẹ̀yìn tún wá ń dùn mí. Ìgbà náà ni mo tó jókòó, tí mo fi yàrá méjèèjì wéra bí ẹni ń ka owó. Kì í ṣe ẹní ló mú mi sùn ní Ògòtún. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ dákẹ́. Ojú fèrèsé sì ni púpọ̀ nínú nǹkan mẹ́ta yìí ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà sá jáde.

Ìdí nìyẹn tí fèrèsé fi ṣíwájú nínú ohun tí mo fẹ́ fi wéra níbí, tí fóòmù sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tówó rẹ̀ kò bá pọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó ṣe ná an.

Yàrá ìlà-oòrùn àti yàrá ìwọ̀-oòrùn

Bí ajẹ́ńtì bá fẹ́ mú yín wo ilé, ọ̀sán gangan ló máa ń mú yín lọ, nígbà tí gbogbo yàrá gbóná bákan náà. Ẹ ní ẹ̀yin á padà wá ní aago méje alẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri.

Yàrá tí ògiri ìta rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ti ń jẹ oòrùn bọ̀ láti aago méjì títí ilẹ̀ fi ṣú. Bùlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì á gbé ooru yẹn pamọ́ sínú, wọ́n á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ di ọ̀gànjọ́. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri tèmi ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, àfi bíi pé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an sì ni mo gbé ìgbérí bẹ́ẹ̀dì sí! Yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn a máa jẹ oòrùn tirẹ̀ láàárọ̀, á ti tutù kí ẹ tó wá sùn. Àléébù tirẹ̀ ni pé oòrùn á tètè kàn yín lójú, kọ́tìnì sì lè tún ìyẹn ṣe. Bí owó ilé méjèèjì bá dọ́gba, ẹ mú ti ìlà-oòrùn. Bí kò bá sí ọgbọ́n, tí ti ìwọ̀-oòrùn náà lẹ gbà, ẹ fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri tó ń gbóná yẹn.

Ilé alámọ̀ ńkọ́? Ògiri rẹ̀ nípọn, ooru kì í tètè là á já, ìdí nìyẹn tí ilé màmá mi fi ń tutù. Ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ kéré bí ojú àgò, bí wọ́n bá sì ń dáná lẹ́yìnkùlé, gbogbo èéfín ló ń wọlé tí kì í sì tètè jáde. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà lọ kọ́ ilé alámọ̀. Ohun tí a lè kọ́ lára àwọn bàbá wa ni òrùlé tó yọ jáde dáadáa tó ń ṣíji bo ògiri. Àwọn ilé tuntun ti gé òrùlé mọ́ ògiri pátápátá nítorí àtidára ojú.

Yàrá tí kò ní síìlìn lábẹ́ páànù, ẹ má gbà á. N kò ní fa ìyẹn gùn.

Lúfà àti síláìdì

Àwọn onílé òde òní fẹ́ràn síláìdì. Ó ń dán, ó rọrùn láti nù, ilé á sì jọ ti olówó láti òde. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: gíláàsì méjì ló ní, ọ̀kan ń rá lọ sẹ́yìn èkejì. Bó ti wù kẹ́ ẹ ṣí i tó, ìdajì rẹ̀ ṣì wà ní títì. Fèrèsé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, méjì péré ni atẹ́gùn ń rí gbà kọjá. Lúfà ayé àtijọ́, tí gíláàsì rẹ̀ ń tò léra wọn, tí a ń fi irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ó kàn dẹ gíláàsì rẹ̀ kó dagun síta, omi á máa ṣàn dà sóde, atẹ́gùn á sì máa wọlé. Síláìdì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá dé, ẹ ó tì í pa, ẹ ó sì máa laágùn nínú òjò.

Lúfà náà kò pé. Kì í tì pa. Nígbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, atẹ́gùn àríwá ìlà-oòrùn máa ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀, gbogbo àlàfo àárín gíláàsì wọ̀nyẹn ló sì jẹ́ ọ̀nà fún un. Ẹ ó jí láàárọ̀, ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sórí tábìlì. Ariwo náà ń gbabẹ̀ wọlé bí ẹni pé kò sí fèrèsé. Olè sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ gíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà irin ààbò di dandan.

Tèmi ni pé: bí fèrèsé yín bá kọjú sí títì tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ń lu orin, síláìdì ló dára, torí ó ń pa ariwo díẹ̀. Bó bá kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, lúfà, láìsí àníàní. Irú kẹta kan wà tó ń ṣí síta bí ìlẹ̀kùn, òun ló ní ànfààní méjèèjì, ó ń ṣí tán, ó sì ń tì pa, àmọ́ owó rẹ̀ kò kéré, ẹni tó ń kọ́lé tirẹ̀ ló lè rò ó. Ẹni tó ń gbé lágbègbè Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, láàárín òkè, tí òtútù ti ń bá jà láti ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ mi yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń bora nígbà tí àwa ní Adó ń wá fáànù.

Ohun tó ju lúfà àti síláìdì lọ ni pé kí fèrèsé jẹ́ méjì, lára ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan á gba atẹ́gùn wọlé, èkejì á tì í jáde. Ẹ lè dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó ilé: ẹ ya ọ̀rá tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ẹ fi há ẹnu fèrèsé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ dúró díẹ̀. Bí ọ̀rá náà bá ń mì, atẹ́gùn wà. Bó bá dúró ṣan-ṣan bí ọlọ́pàá níwájú báńkì, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó sí.

Kí n má gbàgbé nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé. Mo ti wo yàrá kan rí tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ń bínú sí onílé pé atẹ́gùn ò wọlé. Nẹ́ẹ̀tì náà ti di dúdú, eruku ọdún mẹ́rin ti dí gbogbo ihò rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ àti omi ló tún ilé yẹn ṣe.

Kọ́tìnì fẹ́lẹ́ àti kọ́tìnì tó nípọn

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọpọlọ máa ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní melatonin. Òun ló ń ta ara lólobó pé àkókò oorun ti tó. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lé e padà. Ní Ògòtún, bí iná bá ti lọ, òkùnkùn biribiri ni. Ní Bàsìrì, iná ààbò tí aládùúgbò mi gbé kọ́ sí ògiri rẹ̀ ń tàn tààrà sójú mi títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Kọ́tìnì fẹ́lẹ́ tí mo rà nítorí òdòdó ara rẹ̀ kò dí nǹkan kan.

Kọ́tìnì tó nípọn á mú yàrá ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n á tún dí atẹ́gùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe nìyí, wọ́n á ní àwọn fẹ́ òkùnkùn, wọ́n á wá máa laágùn nínú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kí kápẹ́ńtà gbé ọ̀pá kọ́tìnì jáde kúrò lára ògiri ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, mo sì jẹ́ kí aṣọ náà fẹ̀ ju fèrèsé lọ lọ́tùn-ún lósì. Atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìmọ́lẹ̀ ń kọlu aṣọ. Aránṣọ àdúgbò ló bá mi fi aṣọ dúdú tẹ́ inú àǹkárá àtijọ́ kan tí mo ní nílé. Ó ti ń sunwọ̀n láti alẹ́ àkọ́kọ́.

Fáànù àti éèsì

Kí oorun tó wọra, ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ láti inú wá. Ìdí nìyẹn tí ooru fi ń lé oorun.

| | Fáànù òkè àjà | Fáànù oníbátìrì | Éèsì |
|---|---|---|---|
| Iná tó ń jẹ | nǹkan bíi wáàtì 70 | kò tó bẹ́ẹ̀ | ti hp 1, bíi wáàtì 750 sí 1,000 |
| Bí iná ọba bá lọ | ó dúró | ó ń fẹ́ lọ fún wákàtí mélòó kan | ó dúró, yàrá títì á sì tètè móoru |
| Fèrèsé | ní ṣíṣí | ní ṣíṣí | ní títì |
| Ibi tó ti ń kùnà | bí afẹ́fẹ́ yàrá bá gbóná, gbígbóná náà ló ń fẹ́ | bátìrì rẹ̀ ń gbó | owó iná, àti ọ̀fun gbígbẹ nígbà ọyẹ́ |

Éèsì kan ń jẹ iná fáànù mẹ́wàá, nígbà mìíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkìtì tí òru sábà máa ń tutù bó bá ti ń lọ sí aago mẹ́ta, mi ò rí ìdí tí ẹni tówó rẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ láti ibi éèsì. Fáànù òkè àjà tí wọ́n so mọ́ bátìrì sólà kékeré, òun ni mo fọwọ́ sí. Éèsì dára fún aláìsàn, fún aláboyún tí ooru ń dà láàmú, àti fún ẹni tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí nítorí ariwo.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní òórùn, tí ojú ò sì lè rí, oorun ló sì fi ń pa èèyàn. Ẹ má gbé e sí kọ́rídọ̀, ẹ má gbé e sí bákónì, ẹ má gbé e sábẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ìkòkò èédú tí àwọn kan ń gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́ kí ara lè móoru, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń tú jáde. Búláńkẹ́ẹ̀tì méjì sàn ju èédú kan lọ.

Nẹ́ẹ̀tì, kọ́ìlì àti oògùn fínfín

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, òru ló ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ oorun lọ. Kọ́ìlì kò wọ́n, ṣùgbọ́n èéfín lẹ ń fà símú láti alẹ́ dòwúrọ̀, ọmọdé àti ẹni tó ní ikọ́ fée kò yẹ kó sùn sínú rẹ̀. Oògùn fínfín ń pa èyí tó bá wà nínú yàrá lásìkò yẹn, àwọn tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ fín nǹkan kan. Àwọn kan tilẹ̀ ń da dichlorvos sí igun yàrá. Oògùn oko nìyẹn! Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa rẹ̀ nínú ìgò kékeré, síbẹ̀ mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀ nílé àwọn èèyàn.

Nẹ́ẹ̀tì olóògùn ló borí àwọn yòókù. Nígbà mìíràn wọ́n tilẹ̀ ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn ara rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta, tàbí títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ bí ìgbà ogún. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú ọ̀rá, ẹ nà án síbi ìbòji fún wákàtí 24 kó má baà ta yín lójú. Ọṣẹ tí kò le ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má sì sá a sóòrùn.

"Nẹ́ẹ̀tì ń mú ooru" ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Òótọ́ ni, ó ń dín atẹ́gùn kù. Ṣùgbọ́n irú èyí tẹ́ ẹ so ń kó ipa tirẹ̀. Èyí tó rí ṣóńṣó, tó rọ̀ láti ojú kan ṣoṣo lókè, ẹwà ló fi ń jẹun. Inú rẹ̀ há, ó ń lẹ̀ mọ́ ara, ẹ̀fọn á sì dúró síta, á gba ojú ihò jẹ yín ní ìgbọ̀nwọ́. Onígun mẹ́rin ló láyè. Ẹ so ó sókè dáadáa, ẹ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù yíká, kí fáànù kọjú sí i tààrà.

Fóòmù, ẹní àti bẹ́ẹ̀dì

Fóòmù onínṣì mẹ́wàá tí mo rà yẹn, olùtajà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ níwájú mi, ó wọlé, ó tún sọ padà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ò rí bó ṣe ń sọ? Ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ ó lò ó." Inú mi dùn nígbà tí mo dá nìkan gbé e wọlé láìmí hẹlẹ. Kò yẹ kínú mi dùn. Ní oṣù karùn-ún, àárín rẹ̀ ti jìn bí abọ́. Fóòmù tó bá ga tó sì fúyẹ́, atẹ́gùn lẹ fowó rà. Onínṣì mẹ́fà tó wúwo sàn ju onínṣì mẹ́wàá tí ọmọdé lè rù lọ. Ẹ gbé etí rẹ̀ kan sókè ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Èyí tó le gan-an ńkọ́, tí wọ́n ń tà fún àwọn ẹlẹ́yìn dídùn? Wọ́n ti ń sọ fún wa tipẹ́ pé bí ẹ̀yìn bá ń dun èèyàn, kó sùn lórí ohun líle. Ní ọdún 2003, ìwádìí kan jáde láti Sípéènì lórí ènìyàn 313 tí ẹ̀yìn ń dùn. Àwọn tó sùn lórí fóòmù tí kò le jù, tí kò sì rọ̀ jù, ni ara tù ju àwọn tó sùn lórí èyí tó le. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tijú, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbàdí. Bí ọwọ́ bá ń kọjá fàlàlà, ó ti le jù. Bí ọwọ́ kò bá ráyè wọlé rárá, ẹ ti ń rì sínú rẹ̀. Olùtajà tó bá ní kẹ́ ẹ dìde, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni kẹ́ ẹ lọ.

Ẹní ńkọ́? Ẹní tutù, kì í gbé ooru ara pamọ́ bíi fóòmù, a lè ká a, a lè sá a, kò gba àyè. Ó dára fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ ṣì gbó. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò yẹ kó máa ti ilẹ̀ dìde lóròòwúrọ̀, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rinrin ilẹ̀ á máa gba abẹ́ rẹ̀ wá. Màmá mi fúnra wọn, tí gbogbo ilé kún fún ẹní, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ní ẹní wà fún àlejò.

Èmi ti rí ọgbọ́n dá sí tèmi. Láti oṣù Kejì títí òjò á fi fìdí múlẹ̀, mo ń tẹ́ ẹní Ògòtún lé orí fóòmù (mo ti ra òmíràn, onínṣì mẹ́fà tó wúwo), bẹ́ẹ̀dìṣíìtì á wá bò ó. Fóòmù á gbé ẹ̀yìn, ẹní á sì lé ooru. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín, títí ọ̀kan nínú wọn fi sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi tó wá bi mí léèló ni mo ra ẹní náà.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì, onírin kò wọ́n, ìdun kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí ibi sá pamọ́ sí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ti dẹ̀, gbogbo ìyípadà yín ni yóò máa ké. Onígi máa ń dákẹ́. Ẹ bi kápẹ́ńtà pé igi wo ni: arère fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀; ìrókò á sin yín dalẹ́. Èyí ó wù kó jẹ́, kí pákó abẹ́ rẹ̀ ní àlàfo láàárín kí fóòmù lè mí. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo dí nísàlẹ̀ á mú kí abẹ́ fóòmù bu nígbà òjò. Ẹ má sì fi abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣe ilé ìkẹ́rùsí. Mo mọ̀ pé gbogbo wa là ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì olówùú ń fa òógùn, pọ́lísítà tó ń dán kì í fà á. Ó parí síbẹ̀.

Gílóòbù, fóònù, ọ̀dà

Lára páálí gílóòbù, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà kan tí K ń tẹ̀ lé. Èyí tó kún ọjà ni 6500K, tó funfun gbòò bí ọ̀sán. Ilé ìdáná àti ibi ìkàwé ló yẹ. Fún yàrá, ẹ wá 2700K tàbí 3000K, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí iná àtùpà. Ẹ sọ fún olùtajà pé "yẹ́lò" lẹ fẹ́, á yé e. Owó méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nínú gbogbo ohun tí mo sì kọ síbí, mi ò mọ èyí tí owó kékeré bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ tó tó tirẹ̀.

Fóònù burú ju tẹlifíṣọ̀n lọ, torí iwájú imú la ń gbé e sí, kì í sì í tán. Tèmi ń gba iná ní pálọ̀ lóru.

Ọ̀dà: àwọ̀ tí kò pariwo, kó jẹ́ olómi, kì í ṣe olóròóró tí òórùn rẹ̀ ń pẹ́ nílẹ̀.

Kí a tó wọ yàrá

Ní Ìkògòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn. Nínú omi méjèèjì, ọ̀pọ̀ wa rò pé tútù ló yẹ ká fi wẹ̀ sùn nítorí ooru. Omi tútù ń ta ara jí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń ṣe é, bíi wákàtí kan sí méjì kí a tó sùn: á pe ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, ooru inú á gbabẹ̀ jáde, ara á sì tutù nígbà tó bá dórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ Èkìtì ni mí, ẹ má rò pé mo kórìíra iyán. Ṣùgbọ́n iyán aago mẹ́sàn-án alẹ́ àti iyán aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn nínú ikùn. Obì pẹ̀lú, èròjà tó wà nínú kọfí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gé obì jẹ níbi ìpàdé alẹ́, kó má bi fóòmù léèrè ohun tó ṣe é.

Ariwo

Ó di ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ kí n tó mẹ́nu bà á, torí òun ni mi ò tíì borí. Ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì wà, òkú òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ńlá sí ojú títì fún wà, jẹnẹrétọ̀ yàrá kejì náà wà. Mo ti gbìyànjú fóòmù kékeré tí wọ́n ń fi dí etí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan ní ilé oògùn, ó sì ń dín ariwo kù dáadáa, àmọ́ ẹni tó lọ́mọ kékeré nílé kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ìró fáànù náà ń ṣiṣẹ́, ó ń bo ìró kéékèèké mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Fún orin òkú, ẹ lo méjèèjì pọ̀. Fún ìṣọ́ òru, mo lọ bá àwọn àgbà ìjọ náà pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí ẹnu ẹ̀rọ wọn sí apá ibi tí igbó wà. Wọ́n yí i. Èmi gan-an ò gbà pé wọ́n á ṣe é.

Ó ku àkùkọ ìyá onílé. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń kọ, abẹ́ fèrèsé mi gan-an, òun kò sì ní àgbà ìjọ tí mo lè lọ bá. Mo ti fi ọgbọ́n bi ìyá náà bóyá wọ́n á tà á nígbà Kérésì. Wọ́n ní, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́."